Omi kúlíǹ táwà wa pupa, ó tún ń yọ̀: ṣé softener ni ká rà?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ilé-iṣẹ́ oníke ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà, èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀rọ. Bóhòlù la ti ń fa omi tá a fi ń mú ẹ̀rọ tutù, kúlíǹ táwà tó wà lẹ́yìn ilé ló sì ń fẹ́ ooru kúrò lára rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, epo haidirọ́líìkì ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, tó bá di ọ̀sán ẹ̀rọ á kàn pa ara rẹ̀. A tú ibi tí omi ti ń gba ooru lára epo, a bá ẹrẹ̀ pupa níbẹ̀ àti nǹkan kan tó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ẹni tó ń ta kẹ́míkà fún wa ní softener la nílò. Ọ̀gá mi ní ká máa da bílíìṣì sí i, ó tán. Ẹlòmíràn tún gbé mágnẹ́ẹ̀tì wá, ó ní ká dè é mọ́ páìpù ká lọ sùn. A ti san àsansílẹ̀ softener. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

* * *

Ẹ má tíì san owó tó kù.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni softener mọ̀: ó ń yọ kálísíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù kúrò nínú omi, ó ń fi sódíọ̀mù dípò wọn. Àwọn méjì yẹn ló ń mú omi le, tí ọṣẹ kì í fi í hó. Ẹrẹ̀ pupa tí ẹ bá kì í ṣe tiwọn, irin ni. Ẹ dáhùn èyí fún mi: nígbà tí ẹ bá fi omi bóhòlù yín fọ ọwọ́, ṣé ọṣẹ máa ń hó? Bí mo bá mọ Ọ̀tà, á máa hó débi pé ẹ ó ṣan ọwọ́ títí kó tó lọ. Omi tó rọ̀ nìyẹn. Kí lẹ wá fẹ́ fi softener rọ̀ nínú rẹ̀?

Ilẹ̀ iyanrìn ló pọ̀ láti Èkó dé apá Ọ̀tà àti Àgbárá. Omi tó ń gba inú iyanrìn kọjá kì í rí òkúta ẹfun yọ́, nítorí náà kì í le. Àmọ́ ó máa ń ní gáàsì kábọ́n-dàì-ọ́kísáìdì nínú, ìyẹn ló ń mú un kan, pH rẹ̀ (ìwọ̀n tá a fi ń mọ bí omi ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré sí ni omi ṣe kan sí) lè wà ní nǹkan bí 5. Omi kíkan yìí á wá máa yọ́ irin tó bá pàdé nínú ilẹ̀ àti lára páìpù. Gbogbo ẹni tó ní bóhòlù ní agbègbè yẹn ló mọ̀ ọ́n: omi á jáde gaara, ẹ bu ú sínú ike funfun, tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì ìdọ̀tí pupa ti sọ̀ sí ìsàlẹ̀. Atẹ́gùn ló kàn án. Iṣẹ́ táwà sì ni láti po omi àti atẹ́gùn pọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Gbogbo irin tó yọ́ sínú omi, inú táwà ni yóò ti padà di ẹrẹ̀, á wá lọ sinmi sí ibi tí omi kì í ti í sáré, ìyẹn ibi ìtutù epo yín.

Irin yìí kan náà sì ń ba softener jẹ́. Á bo àwọn wóro inú rẹ̀ títí wọn ò fi ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó ń tà á fún yín lè má mọ̀. Ó sì lè mọ̀.

* * *

Ẹnìkan fèsì láti Ewékorò pé ìtàn ni mò ń pa, pé omi tiwọn ń fi èépá funfun bo inú páìpù, wọ́n sì máa ń fi òòlù kàn án kó tó ṣí. Òótọ́ ló sọ, kò sì ta ko ohun tí mo wí. Ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta kan náà ni Ọ̀tà àti Ewékorò wà, àmọ́ orí òkúta ẹfun ni Ewékorò jókòó lé. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1960, tí wọ́n tún dá òmíràn sílẹ̀ ní Ṣàgámù ní 1978. Òkúta tí wọ́n ń wà níbẹ̀ náà ni omi ń yọ́ lábẹ́ ilẹ̀.

Èépá yẹn ní ìwà òdì kan. Ṣúgà máa ń yára yọ́ nínú omi gbígbóná; kálísíọ̀mù kábọ́nétì kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, ìgbà tí omi bá gbóná gan-an ló ń kúrò nínú rẹ̀. Nítorí náà, ibi tó gbóná jù lọ nínú ẹ̀rọ, níbi tá a ti fẹ́ kí ooru tètè jáde, ibẹ̀ gan-an ló ń lọ lẹ̀ mọ́. Ẹni tó ní irú omi bẹ́ẹ̀, tó bá ra softener, n ò ní bá a jà.

Ẹlòmíràn kọ̀wé láti Lẹ́kkí pé tiwọn kì í pupa, kì í funfun, iyọ̀ ló ní. Òkun nìyẹn. Ẹ̀yin ẹ ṣọ́ra fún irin tí kì í dípẹtà, stainless tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Kíláráìdì inú iyọ̀ máa ń lu ihò kóńkóńkó sí i, ojú rẹ̀ á ṣì máa dán.

Ibi mẹ́ta, omi mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ ta kẹ́míkà fún yín láìkọ́kọ́ béèrè àyẹ̀wò omi, ẹ fi ọ̀nà hàn án.

* * *

Ẹ jẹ́ n wá sọ ibi tí ìjà gidi wà, torí mo rí i pé gbogbo yín ń jà lórí kẹ́míkà, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ fáàfù.

Táwà ń tutù torí pé díẹ̀ lára omi ń gbẹ dànù. Omi nìkan ló ń lọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í bá a lọ. Ọbẹ̀ tó bá pẹ́ lórí iná, iyọ̀ rẹ̀ á le. Ẹ sì ń da omi tuntun sí i lójoojúmọ́, pẹ̀lú ẹrù tiẹ̀ náà. Ohun kan ṣoṣo tó lè gbé ẹrù yìí jáde ni kí ẹ máa da díẹ̀ nínú omi táwà nù. Blowdown là ń pè é lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní omi 100,000 lítà ló ń yí po ní wákàtí kan, tó ń fi ìwọ̀n 6 lórí Sẹ́ṣíọ̀sì tutù. Nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló máa gbẹ, ìyẹn bí 1,000 lítà. Bí ẹ bá fẹ́ kí omi inú táwà nípọn tó ìlọ́po 2 ti bóhòlù, ẹ ó máa da 1,000 lítà nù ní wákàtí kan. Ìlọ́po 4, ó di 333. Ìlọ́po 6, ó di 200. Ìlọ́po 10, ó di 111. Ìṣirò rẹ̀ ò le: ẹ mú èyí tó gbẹ, ẹ yọ 1 kúrò lára ìlọ́po tí ẹ fẹ́, ẹ fi pín in.

Ẹ wo àwọn nọ́ḿbà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti 2 lọ sí 4, ẹ fi 667 lítà pamọ́ ní wákàtí kan, owó gidi nìyẹn. Láti 6 lọ sí 10, kò tó 90. Síbẹ̀ ibi 90 yẹn ni àwọn ọ̀gá ti ń fi ẹ̀rọ tó gbówó lórí ta tẹ́tẹ́, torí pé ní ìlọ́po 10, bí wọ́n bá gbàgbé fáàfù ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan péré, wàhálà ti wọlé.

Mo wọ ilé-iṣẹ́ kan nígbà kan tí wọ́n ti yọ ọwọ́ fáàfù blowdown kúrò pátápátá, wọ́n wá fi wáyà tí àwọn onísìmẹ́ǹtì fi ń di rọ́ọ̀dù wé ẹnu rẹ̀ kí òṣìṣẹ́ kankan má bàa ṣí i. Ọ̀gá ibẹ̀ ní dísù lòun fi ń fa omi, òun ò lè máa dà á sí gọ́tà. Mo ki mítà TDS, èyí tó ń ka àpapọ̀ ohun tó yọ́ sínú omi, bọ omi bóhòlù, ó ka 80. Mo kì í bọ agbada táwà, ó ti kọjá 1,200. Àwọn ike pẹlẹbẹ tí omi ń ṣàn gba orí wọn sọ̀kalẹ̀ ti wúwo, òmíràn ti já sínú agbada. Dúrọ́ọ̀mù kẹ́míkà wà níbẹ̀ o, wọ́n tò ó lẹ́sẹẹsẹ, oṣooṣù ni wọ́n ń rà á. Kò sí kẹ́míkà tó lè gba irú omi yẹn là.

Bí owó bá wà, ẹ̀rọ kan wà tó ń ka bí omi ṣe nípọn sí, tó ń ṣí fáàfù tó ń tì í fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí, mítà TDS kékeré tó dà bí bírò ti tó, kí ẹnìkan máa kà á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kó kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé yẹn ló ṣòro jù. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń kọ nọ́ḿbà àná sílẹ̀ fún tòní.

* * *

Lórí mágnẹ́ẹ̀tì: àwọn méjì níbí búra pé ó ṣiṣẹ́ fún wọn. Ó dáa. Kí wọ́n fi TDS ṣáájú àti lẹ́yìn hàn mí, kí wọ́n sì sọ fún mi bó ṣe ń pa kòkòrò tàbí bó ṣe ń dá ìpẹtà dúró. Kì í mú nǹkan kan kúrò nínú omi. Èmi ò ní fi owó mi rà á.

* * *

Ó wá ku bílíìṣì ọ̀gá wa. Mi ò bá a jiyàn tán o. Kílórínì tó wà nínú bílíìṣì ń pa kòkòrò, ó sì dínwó ju ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń gbé wá nínú dúrọ́ọ̀mù aláràbarà. Àmọ́ ìdajì iṣẹ́ ló ń ṣe: kì í dá ìpẹtà dúró, tó bá pọ̀ jù gan-an ṣe ló ń ràn án lọ́wọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé agbára rẹ̀ wà lọ́wọ́ pH. Ní pH 7.5, ìdajì kílórínì inú omi ló wà ní ipò tó lè pa kòkòrò dáadáa. Tó bá gòkè dé 8.5, ó ku nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ lè máa da kéègì lé kéègì kó má tu irun kan lára wọn. Omi tó le bíi ti Ewékorò máa ń gòkè dé ibẹ̀ nínú táwà, torí afẹ́fẹ́ ń lé gáàsì tó mú un kan jáde. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń lo brómáìnì, ìbátan kílórínì, tí ó ju ìdajì rẹ̀ lọ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní 8.5.

Lẹ́yìn náà, nǹkan tó ń yọ̀ yẹn, ilé ni kòkòrò fi ṣe. Bílíìṣì á pa àwọn tó wà lójú omi, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á sinmi. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo ohun tó ń tú u, kí ẹ fọ agbada, kí ẹ tó wá da oògùn. Ẹ tún wò ó bóyá epo haidirọ́líìkì yín ń jò sínú omi. Epo jẹ́ oúnjẹ fún wọn, ó sì ń gbé kílórínì mì. Mo fura sí i gan-an nínú ọ̀rọ̀ yín.

Ẹ má gbé bílíìṣì sínú oòrùn. Ooru ń jẹ agbára rẹ̀, èyí tó pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lè ti di omi lásán. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ásíìdì tó fi fọ èépá pọ̀ mọ́ ọn. Gáàsì tó máa jáde lè pa èèyàn níbi tó dúró sí.

* * *

"Ẹ̀gbọ́n, omi ẹ̀rọ ni, a ò mu ún. Kí ló kàn wá pẹ̀lú kòkòrò?"

Àbúrò, a ò mu ún, àmọ́ à ń fà á símú. Fáànù táwà ń fọ́n omi wínníwínní sáfẹ́fẹ́, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Legionella sì ń bá a lọ. Ní 1976, àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ẹgbẹ́ American Legion, ṣèpàdé ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Òtútù àyà kọ lù wọ́n, èèyàn 34 ló kú, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó mọ kòkòrò tó fà á. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ní 2002, èèyàn 7 kú ní Barrow-in-Furness ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ẹ̀rọ amúlétutù gbọ̀ngàn kan tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, tí wọn ò tọ́jú omi rẹ̀. Ní 2015, táwà orí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Bronx ní New York ran èèyàn 138, 16 kú. Ọdún yẹn náà ni ìlú New York ṣòfin pé kí gbogbo táwà lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ ní London fi kún un pé láti 1992 ni òfin tiwọn ti ní kí onítáwà jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀. Ó jàre.

Ẹ má sọ pé wàhálà òyìnbó ni. Láàárín ìwọ̀n 20 sí 45 ni kòkòrò yìí ti ń gbèrú. Omi inú agbada táwà ní Èkó kì í sábà tutù ju 28 lọ. Tàwa tún burú sí i torí iná mọ̀nàmọ́ná: bí iná bá lọ, omi á dúró sójú kan. Bí a bá ti ilé-iṣẹ́ pa fún Kérésì tàbí Iléyá, ó ń dúró pẹ́ ju ìyẹn lọ. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tan táwà padà lẹ́yìn ìsinmi, ẹ kọ́kọ́ da kílórínì sí i kí omi yí po láìtan fáànù, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sápá ibi tí ó ń fẹ́ sí. Ẹni tó bá máa fọ agbada gbọ́dọ̀ bo imú, kó má ṣe é pẹ̀lú aṣọ lásán. Ẹni tó bá ṣàìsàn lẹ́yìn ìyẹn, kó sọ iṣẹ́ tó ṣe fún dókítà, torí bí wọn ò bá wá kòkòrò yẹn ní pàtó, òtútù àyà lásán ni wọ́n á kọ sínú fáìlì.

* * *

Mo rí i pé ẹ ti gbé ọ̀rọ̀ dé orí jẹnẹrétọ̀. Kò burú, ẹ jẹ́ n yára sọ ọ́. Ti radiétọ̀ yàtọ̀, omi rẹ̀ kì í gbẹ, nítorí náà kò sí blowdown níbẹ̀. Omi kan náà ló ń yí po. Ẹ yé da piọ́ wọ́tà sínú ẹ̀ńjìnnì dísù ńlá. Ẹ̀ńjìnnì bẹ́ẹ̀ máa ń gbọ̀n, ìgbọ̀n yẹn ń mú kí ìfóòfóò wínníwínní fọ́ mọ́ ara sílíńdà lójú ibi tí omi ti kàn án, á máa gbẹ́ ẹ títí yóò fi lu. Omi á bọ́ sínú epo. Kúláǹtì tó ní náítíráìtì nínú ló ń dáàbò bo ibẹ̀. Ó tán, ká padà sí táwà.

* * *

Bàbá wa kan tó ti fẹ̀yìn tì ní kẹ́míkà pupa rúsúrúsú ayé àtijọ́ ló dára jù, pé nígbà tiwọn irin kì í dípẹtà rárá. Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Kírómétì ni. Mi ò tíì rí ohun tó ń dá ìpẹtà dúró bíi tirẹ̀.

Àmọ́ májèlé ni, ẹ sì rántí ibi tí omi blowdown ń lọ. Ní Hinkley ní California, láàárín 1952 sí 1966, PG&E, ilé-iṣẹ́ gáàsì àti iná mọ̀nàmọ́ná, ń da omi táwà tó ní kírómétì sínú adágún tí wọn ò fi nǹkan tẹ́ nísàlẹ̀. Ó wọnú ilẹ̀, ó dé inú kànga àwọn ará àdúgbò. Ní 1996, wọ́n san 333 mílíọ̀nù dọ́là láti parí ẹjọ́ náà. Amẹ́ríkà ti fòfin de kírómétì nínú táwà amúlétutù ilé ní 1990, wọ́n fi ti ilé-iṣẹ́ kún un ní 1994. Ọ̀tà ńkọ́, níbi tí bóhòlù ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn ògiri fákítọ̀rì?

Ohun tá a ń lò báyìí ni fọ́sífétì, síǹkì, mòlíbdénọ̀mù àti àwọn ìbátan wọn. Wọn ò lágbára tó o, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ojú gbọ́dọ̀ wà lára wọn. Fọ́sífétì náà ní tiẹ̀, ó ń bọ́ ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù lójú omi. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ òfin àyíká, wà, wọ́n lè béèrè ohun tí ẹ ń dà sí gọ́tà lọ́jọ́kọ́jọ́. Ẹ ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́.

* * *

Ẹni tó béèrè ti gbé èsì àyẹ̀wò wá: pH 5.1 lẹ́nu bóhòlù, irin 2.4 mílígíráàmù nínú lítà kan, líle omi 18, TDS 62. Ẹ ṣeun tí ẹ wọn pH níbẹ̀ gan-an. Ká ní ẹ gbé e dé ilé àyẹ̀wò kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, gáàsì á ti jáde, nọ́ḿbà á ti yí.

Omi yín rọ̀ bí òwú. Ohun tí ẹ nílò ni kí irin jáde kó tó dé táwà. Ẹ jẹ́ kí omi bóhòlù já bọ́ gba orí tíréè oníhò kó tó bọ́ sínú táǹkì, kí atẹ́gùn lè kàn án. Ẹ fi sódà áàṣì díẹ̀ gbé pH rẹ̀ kọjá 7, torí nínú omi kíkan, irin ń lọ́ra láti di ẹrẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ̀, kí ẹ wá sẹ́ ẹ gba inú àsẹ́ iyanrìn. Bí irin bá ti wálẹ̀ sí 0.3, ẹ ti ṣe iṣẹ́ tó le jù. Bí táwà yín bá jẹ́ ti páànù onísíǹkì, ẹ má jẹ́ kí pH inú rẹ̀ kọjá 8, kó má baà máa hu ìpẹtà funfun.

Ẹ fọ ẹrẹ̀ tó wà nílẹ̀, ẹ wá ibi tí epo ti ń jò. Ìlọ́po 5 ò burú fún irú omi yìí, TDS inú táwà á wà ní nǹkan bí 300. Ẹ ṣí fáàfù nígbà tó bá kọjá ibẹ̀. Ẹ lo oògùn ìpẹtà. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ kékeré tí ẹ ti wọ̀n sójú ọ̀nà omi fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ tún un wọ̀n: bó bá ti fúyẹ́ jù, ẹni tó ń ta oògùn fún yín ní ìbéèrè láti dáhùn. Bílíìṣì ọ̀gá yín wúlò, kí ẹ dà á bó ṣe yẹ, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì wà nínú omi.

Ní ti àsansílẹ̀, ẹ mú ìwé àyẹ̀wò yìí lọ bá ẹni tó gba owó, kí ẹ ní kó fi kálísíọ̀mù tó fẹ́ yọ hàn yín. Bó bá kọ̀ láti dá owó padà, kó fi àsẹ́ iyanrìn dípò rẹ̀. Òun náà ṣáà ń tà á.